Ó Ń Jò Ni, Kò Tíì Kú

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tó kọjá, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Agbowó: "Baba, e joo, fork iwaju keke mi n jo." Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Se o ti da omi si?" Bàbá rò pé iná ló ń jó o. Ẹ̀bi tèmi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ọdún ìkẹyìn, tó ti kọ iṣẹ́ lórí ohùn Yorùbá títí ó fi sú u, kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ onísílébù kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá sọ nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n fọwọ́ tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀kì rì, kò sì dìde mọ́. Wọ́n mi orí. "Ṣọ́ọ̀kì yìí ti kú, ọmọ mi. Jẹ́ kí n bá ọ fi onísípíríìnì sí i." ₦25,000 ni wọ́n pè é, wọ́n á sì gba òkú náà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí kò bá mọ irú kẹ̀kẹ́ yìí, tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gígun òkè. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí à ń rí nígboro, sípíríìnì irin ló wà nínú ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì iwájú. Nínú tèmi, afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú páìpù ẹsẹ̀ òsì. Bí táyà bá kó sí kòtò, páìpù á wọlé, afẹ́fẹ́ á fún pọ̀, á sì tún ti páìpù padà síta. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ni kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa fò sókè-sódò bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí idán níbẹ̀. Ohun tó di afẹ́fẹ́ náà mú kò ju òrùka rọ́bà bíi mélòó kan lọ. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá gbẹ tàbí tó là, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, fọ́ọ̀kì á sì máa rì.

Kì í sì í ṣe ohun àná. Ní 1989 ni Paul Turner dá RockShox sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì sì ni fọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ wọn, RS-1, fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé rọ́bà á gbó. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́ni RockShox fi ní kí a máa tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ fọ̀ lẹ́yìn wákàtí 50 tí a bá ti gùn ún, kí a sì tú ibi afẹ́fẹ́ lẹ́yìn 200. Ohun tí wọ́n ṣe pé kí á máa tú ni à ń pè ní òkú.

Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ni mo ń bá jà. Nínú èdè wa, gbogbo nǹkan ló ń kú: bátìrì kú, fóònù kú, jẹnẹrétọ̀ kú. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ní "fọ́ọ̀kì ń jò", ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni "níbo ló ti ń jò?" Kò sí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tí kò ní gbójú sókè wá ihò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "ó ti kú", tí ẹnìkan wá bi mí pé "níbo ló kú sí?", á dà bíi pé a fẹ́ lọ gbé òkú wálé. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń pa ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi padà sílé. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ló kún orí mi o. Fọ́kánáísà ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá. Fáàfù fọ́ọ̀kì náà kò yàtọ̀ sí ti táyà ọkọ̀, nítorí náà ẹnu rọ́bà rẹ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àyè inú fọ́ọ̀kì kéré púpọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti kún jù. Bí ó sì ṣe ń fa ẹnu rọ́bà yọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá a jáde. Páńpù ọlọ́wọ́ kékeré tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì ló yẹ ẹ́, irú èyí tí géèjì rẹ̀ lè dé 300 psi tó sì ń fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti ṣetán ní ẹ̀ka yìí ló yá mi ní tirẹ̀.

Páńpù náà tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà. Láràárọ̀ ni mo ń so ó mọ́ fáàfù láti wo iye tó kù, láràárọ̀ ló sì ń dín. Ó tó ọjọ́ kẹrin kí n tó rí i pé páńpù fúnra rẹ̀ ló ń mu ún: bí a bá ti so ó, afẹ́fẹ́ inú fọ́ọ̀kì á kọ́kọ́ sá wọ inú rọ́bà páńpù, iye á sì wálẹ̀. "Ṣíì" tí à ń gbọ́ nígbà tí a bá ń tú u, ti rọ́bà páńpù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ni mo bá yí ọgbọ́n padà. Mo fi 80 psi sí i, mo tú páńpù, mo jókòó lé kẹ̀kẹ́, mo sì wo ibi tí páìpù rì dé. Mi ò fọwọ́ kan fáàfù mọ́ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo tún jókòó lé e, ó fi ìka méjì rì ju ti àná lọ. Ó ń jò lóòótọ́.

Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi sí ẹnu fáàfù: ìfófó kankan kò wú. Mo ṣì ra abẹ́rẹ́ fáàfù tuntun, torí owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì. Kò yí nǹkan padà. Bí kò bá jò síta, á jẹ́ pé inú ló ń jò sí, pé afẹ́fẹ́ ń yọ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wọ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá ní Sátidé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí á jọ tú u. "Ṣé ìwé lo fẹ́ fi jí òkú?" Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé sípánà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ abẹ́rẹ́ fáàfù kí gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti táyà ọkọ̀ lọ. Irin tó bá ta lára rẹ̀ lè fọ́ni lójú.

Bàbá tú ìdè ìsàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi igi gbá a, wọ́n fa ẹsẹ̀ náà. Fùùù! Afẹ́fẹ́ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ jáde, ọ́ìlì dúdú tẹ̀lé e. Bàbá wò mí. "Ó ń jò ni," wọ́n ní.

Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sínú ìwé ní Yorùbá tí mo hun fúnra mi. Mo pe ọ̀pá tó gbé písítìn ní "ọ̀pá-ìfúnpọ̀-afẹ́fẹ́". Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ọmọ odó nìyí," wọ́n sì tọ́ka sí páìpù: "Odó rẹ̀ nìyẹn." Mo pa tèmi rẹ́. Òrùka rọ́bà tó wà lórí ọmọ odó ti pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti sán bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Mo gbé e lọ sí Gate, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta síìlì katapílà. Wọ́n wọn ìbú inú rẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó, wọ́n fún mi ní méjì. Àti rọ́bà, àti gírísì, àti ọ́ìlì, kò ju ₦4,000 lọ. Bàbá ti ń na ọwọ́ sí sáńpépà láti fi fọ inú odó kí n tó pariwo. Bí ibẹ̀ bá há, kò sí rọ́bà tó máa dí i. Aṣọ rírọ̀ la fi nù ún.

Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn kiri nítorí ohun tí ₦25,000 ìbá ti parí ní wákàtí kan. Ẹni tó ní ₦25,000 lè sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀kì onísípíríìnì náà tún wúwo ju tèmi lọ, òkè Mọ́kọ́lá sì ni mo ń gùn bí mo bá ń lọ gba dátà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo gbà pé àwọn kan kú lóòótọ́: èyí tí páìpù rẹ̀ tẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ ti là. Mi ò ní gun irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á ti tú u wò ná.

Mi ò dá Bàbá lẹ́bi. Sípíríìnì ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ìtọ́ni tí mo rí kà lórí fọ́ọ̀kì mi. Àwa tí à ń hun ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ ní kíláàsì nítorí máàkì ni kí ojú tì. Nígbà tí mo ka ìtọ́ni náà fún wọn ní Yorùbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kà á.

Fọ́ọ̀kì náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lánàá, kò tíì rì. Bàbá ti tú méjì mìíràn láìpè mí: ọ̀kan dìde, páìpù èkejì ti tẹ̀. Páńpù ẹ̀gbọ́n wa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè wá gbà á, ṣùgbọ́n kí ó dá a padà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ti ń pè mí.