Oṣù Kan Láìjẹ Ẹran: Abọ́ Ta Ni Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó di ariwo ní ìpàdé wa tó kọjá la fẹ́ sọ lójú ìwé yìí, nítorí pé títí a fi túká níjọ́ náà, ẹnu wa kò kò. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni. Àwọn kan ní ọgbọ́n ahun ni. Àwọn alápatà àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó wà láàárín wa kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ọ̀rọ̀ náà kò ju pé kí ilé tó bá fẹ́ fi odidi oṣù kan jẹun láìjẹ ẹran, láìjẹ ẹja, láìjẹ ẹyin, láìmu wàrà, kí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú owó ọbẹ̀ sì wọ inú owó ìfowópamọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́.

Àwa ilé mélòó kan ti dán an wò ní oṣù kìíní ọdún yìí. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ, àti ohun tí a rò.

Ká má pẹ́ lórí ibi tó ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní 1944, tí Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣẹ̀dá orúkọ náà, vegan. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé e kì í fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko jáde, títí kan oyin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò rántí pé ní 1844, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ṣáájú, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, làwọn ará Rochdale ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, tí wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà. Bọ́tà ni o! Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin ẹgbẹ́ ló ní ká fi bọ́tà sílẹ̀. Láti 2014 ni wọ́n ti sọ oṣù January di oṣù ìdánwò lọ́hùn-ún, wọ́n ń pè é ní Veganuary, àwọn ọmọ wa tó wà ní London ló sì gbé e délé fún wa lórí fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Ethiopia, àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 55 ṣáájú Àjíǹde tí wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà. Wọ́n ti ń ṣe é láti ayébáyé, wọ́n sì wà láàyè.

Ṣé oúnjẹ náà ṣòro láti rí lọ́dọ̀ wa? Rárá o. Ẹni tó bá jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ láàárọ̀, tó jẹ àdàlú lọ́sàn-án, tó fi gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ àmàlà lálẹ́, ti jẹ oúnjẹ vegan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìmọ̀, bí kò bá ti sí edé nínú ata rẹ̀. Ẹ̀kuru ńkọ́? Ẹ̀gúsí tí a fi ìṣápá sè, tí a da irú woorowo sí ńkọ́? Olú-ọ̀gán lásìkò òjò, ta ló tún ń bèèrè ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Wàrà sóyà náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́sìkẹ́, tí wọ́n ń dín tà lójú pópó. IITA tó ti wà ní Ìbàdàn níbí láti 1967 wà lára àwọn tó kọ́ àwọn obìnrin wa bí a ṣe ń fi sóyà se oúnjẹ nínú ilé.

Ohun tó ṣòro ni èyí tó sá pamọ́. Màgí mìíràn ní adìyẹ tàbí edé nínú, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó jù ú sí ìkòkò. Búrẹ́dì mìíràn ní mílíìkì. Ata ilé oúnjẹ, omi ẹran ni wọ́n fi sè é. Ẹ sì gbìyànjú kí ẹ wọ ilé alámàlà ní Ìbàdàn kí ẹ ní ẹ ò gba ẹran: ìyá náà á wò yín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ bèèrè, tọkàntọkàn, bóyá pọ̀nmọ́ wà lára ẹran. Ẹ̀yin èèyàn wa, awọ màlúù ni pọ̀nmọ́. Kì í so lórí igi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ síra wa. Nínú ilé wa, ta ló ń jẹ ẹran? Bàbá ló ń jẹ èyí tó tóbi jù, lẹ́yìn rẹ̀ àlejò, lẹ́yìn àlejò ọmọkùnrin àgbà. Ìyá tó dáná, tó fẹ́ iná, tí èéfín wọ̀ lójú, egungun ló ń fi panu. Àwọn ọmọ kéékèèké a jẹ òkèlè tán kí wọ́n tó kan ẹran tiwọn, tí kò tó ọmọ ìka, kí adùn rẹ̀ má baà tètè tán lẹ́nu. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin yóò jalè. A ò bá àgbà jà o, ṣùgbọ́n ẹyin tí a kò fún ọmọ yẹn, ikùn ta ló ń lọ?

Ohun tí ìdánwò oṣù kan yìí kọ́kọ́ fi hàn wá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá àti ọmọ láàárín wa ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí kò sì sí ẹni tó fún un lórúkọ. Kì í ṣe pé wọ́n yàn án. Nígbà tí a bá sì ní kí ilé dín ẹran kù nítorí ọ̀wọ́n gógó, abọ́ wọn náà la tún ń kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, bàbá á sì wà níbi tó wà. Wọ́n máa ń sọ pé ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyàwó ilé kì í sè é. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, baálé ló ni iṣẹ́ náà. Tí oṣù náà kò bá ti abọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn bàbá kan nínú wa ṣe é, ẹ ò sì ní gbà pé nínú ilé méjì, àwọn ọmọ ló ń fi bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí abọ́ ẹ̀wà, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, tí bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. A ò rí irú rẹ̀ nígbà tí ẹran wà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé fífi ẹran sílẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́. Ohun tí a fi sí àyè rẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tó bá yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, tó wá ń fi ewédú lásán gbé ẹ̀bà mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ebi ni onítọ̀hún ń pa ara rẹ̀. Kó má pè é ní vegan. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 23 ló jẹ́ èròjà amúaradàgbà. Ti ẹ̀pà kò jìnnà sí i, ti sóyà sì ju 35 lọ. Ẹran màlúù tútù tí kò lọ́ràá kò ju nǹkan bíi 20 sí 22 lọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀wà máa ń mu omi bí a bá sè é, nítorí náà abọ́ ẹ̀wà kan kò lè ṣe ohun tí abọ́ ẹran kan yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ abọ́ ẹran kan nínú wa? Ẹ fi abọ́ ẹ̀wà wé èkìrí kan ṣoṣo tó wà lórí ìrẹsì yín, kí ẹ wá sọ èyí tó wúwo jù fún wa.

Èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ inú ara bíi ti ẹran. Ọsàn tí a bá jẹ lé e máa ń ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a bá mu lé e lójú ẹsẹ̀ máa ń dí i lọ́nà. Fítámìnì B12 ló le jù. Kò sí nínú ewé, kò sí nínú ẹ̀wà, kò sì sí nínú irú ní iye tó ṣe é gbára lé. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní èyí tó ti tọ́jú pamọ́ sínú ara, oṣù kan kò lè jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá a lọ lẹ́yìn oṣù náà gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi sí. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù, kí wọ́n kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ lè dáhùn fún wọn. Ti inú tó ń kùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ò le: ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi òmíràn sè é.

Owó ńkọ́? Ká ní ìyá ilé kan ń ná ₦2,500 lóòjọ́ lórí ẹran, ẹja àti ẹyin. Àpẹẹrẹ là ń ṣe o, kí kálukú fi iye ti ilé tirẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 30, ₦75,000 nìyẹn. Bó bá yọ ₦1,500 nínú ti òòjọ́ fún ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀gúsí àti ọsàn, ₦1,000 ló kù lóòjọ́, ₦30,000 lóṣù. Bẹ́ẹ̀ ni lórí ìwé. Lójú ayé, ₦1,000 tí a kò bá gbé pamọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, káàdì fóònù àti ọ̀kadà ni yóò pín in kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwa tó rí nǹkan mú jáde nínú oṣù náà, kóló la ń jù ú sí lálaalẹ́, ọjọ́ ìpàdé la sì fọ́ ọ.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa jẹ lórí ẹ̀wà. Ní 2024, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ ilé ń bù ú bí ẹni ń bu oògùn. Ẹni tó bá ń ra kóńgò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ kò ní rí èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ẹgbẹ́ ti yẹ kó wọlé nìyẹn. Òkè Ọya ni ẹ̀wà ti ń wá, lẹ́yìn ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá dé ìparí ọdún, ló sì máa ń pọ̀ lọ́jà. Kí ẹgbẹ́ rà á ní àpò lápò ní Bódìjà nígbà náà, kí a pín in ní kóńgò fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tó bá wá sílé. Kí àwọn olùtajà ẹ̀wà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló bá wa yàn án, àwọn ló mọ èyí tó ń jinná àti èyí tó ń le bí òkúta.

Kí àwọn náà fojú sí ọ̀rọ̀ kòkòrò. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan ń da egbòogi apakòkòrò, dichlorvos, sórí ẹ̀wà kí ó má baà jú. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015, òun náà sì ni NAFDAC fi gbé ìgbésẹ̀ ní 2019 láti fòpin sí títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri ọjà. Ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ tó ń jẹ májèlé nínú ẹ̀wà, kí ló rí gbà? Àpò onípele mẹ́ta wà, tí a ń dì pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìsí oògùn kankan. Kí ẹgbẹ́ fi irú àpò náà tọ́jú ẹ̀wà rẹ̀.

Ó wá ku àwọn alápatà. Ọ̀kan nínú wọn dìde ní ìpàdé, ó ní, “Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ṣé inú ewédú ni kí n ti máa san owó tí mo yá padà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Owó ẹgbẹ́ ló fi ra màlúù, èlé rẹ̀ sì wà nínú ohun tí gbogbo wa ń pín lópin ọdún. Ní tiwa o, ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin, kò sì gbọ́dọ̀ mú un lọ sí oṣù Iléyá tàbí oṣù Kérésì tí ajé wọn ń bú rẹ́kẹ́. January ló dára jù, nígbà tí ọwọ́ gbogbo ilé ti gbẹ lẹ́yìn ọdún, tí owó ilé ìwé sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọjà ẹran fúnra rẹ̀ máa ń dẹwọ́ nígbà náà. Bí alápatà tàbí ẹlẹ́ja bá sì rí i pé títà òun já wálẹ̀ ní oṣù náà, kí ìgbìmọ̀ fún un ní oṣù kan sí i láti san owó rẹ̀, láìsí owó ìtanràn. Ẹrù tí gbogbo wa dì, a ò lè gbé e ka ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé nìyí. Kí ilé tó bá fẹ́ ṣe é fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí oṣù kọkànlá tó parí, kí a lè mọ iye àpò ẹ̀wà tí a ó rà, kí bàbá ilé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà. Kí kálukú máa kọ owó ọbẹ̀ òòjọ́ sínú ìwé, láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ọjọ́ 31, kó sì mú ìwé náà wá sí ìpàdé oṣù kejì. Kí alápatà àti ìyá ẹlẹ́ja náà mú ìwé títà wọn wá, kí a ka méjèèjì síta lójú gbogbo ènìyàn.