Sí Àjọ ITU, Lórí Ilẹ̀ Gbígbà Lójú Sánmà

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba tó ń péjọ sí Geneva,

Ní 2021, ìjọba Rwanda kọ̀wé sí ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìgbì rédíò, pé òun fẹ́ gbé sátẹ́láìtì tó lé ní 300,000 lọ sójú sánmà. Òǹkà náà kì í ṣe àṣìkọ. ITU kò sì ní òfin tó fi lè sọ pé ó ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìgbì rédíò. Ẹni tó dé lẹ́yìn ni yóò máa wá bí kò ṣe ní dí i lọ́wọ́. Láàárín ọdún 7, bí ẹni tó kọ̀wé bá ti gbé sátẹ́láìtì kan péré lọ sókè, tó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90, ó ti gbà á nìyẹn. Bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ń ṣe gan-an ni: á to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sórí pápá, á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Lóòótọ́, ìpàdé àgbáyé ITU lórí rédíò ní Sharm el-Sheikh ní 2019 fi gbèdéke kún un: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sátẹ́láìtì náà láàárín ọdún 2 sí i, ìdajì kó tó di ọdún 5, gbogbo rẹ̀ kó tó di ọdún 7. Pẹ̀lú ọdún 7 àkọ́kọ́, ọdún 14 lápapọ̀! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀wé á ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ti ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè kan ló tún burú jù. Starlink, tó ń fi sátẹ́láìtì pín íntánẹ́ẹ̀tì, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ní 2022 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní Iran, ìjọba kò fún un láṣẹ, síbẹ̀ àwo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iran fẹjọ́ sùn. Ìgbìmọ̀ òfin rédíò ITU dá a láre ní 2023, ó ní kí Amẹ́ríkà àti Norway, tí wọ́n forúkọ sátẹ́láìtì náà sílẹ̀, wá nǹkan ṣe sí i. Àwo ò kúrò. ITU ò ní ọlọ́pàá, kò sì lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé ìjọba Iran ni lẹ́tà yìí ń gbèjà, ìjọba tó ń ti íntánẹ́ẹ̀tì pa nígbàkigbà tí ará ìlú bá tú sí ìgboro. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn láìgbàṣẹ lè tì í láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwo ṣì ṣeé rí lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ti wá ń bá fóònù lásán sọ̀rọ̀ báyìí, ìgbì tí wọ́n bá sì rọ̀ sórí Badagry lè ré ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá wọ ilẹ̀ Benin.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí wà nínú ohun tí ìpàdé rédíò ITU ní Shanghai máa gbé yẹ̀ wò ní 2027. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin níbẹ̀ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá tíì fọwọ́ sí i, kí ìgbì má rọ̀ sórí fóònù ibẹ̀. Pé ìjọba tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá rú u yóò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìgbì náà. Kí ẹ sì gé ọdún 14 yẹn sí méjì.