Ẹnu Ẹni tó Lọ Sógun

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ìjọ mọ́sáláṣí, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù tí ẹ mọ̀ mọ́ mi.

Bí a bá jáde fún ìsinmi, àwọn ọmọ ìbìtìdáì wa a máa fi igi ṣe ìbọn, wọn a pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọn a máa pariwo pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ìjà Òrè jẹ́. Ọ̀kan ní òwe ni, èkejì ní àwọn awakọ̀ ló jà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Biafra gba Benin, Òrè ni wọ́n dé kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà, àti pé ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ kí ó tó di ohun tí à ń fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń ka Sozaboy, ìwé tí Ken Saro-Wiwa kọ ní 1985. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ jọ ti inú gáréèjì, kò sì yé èmi tí mo kàwé ní ilé kéú, ló bá ń tú u fún mi lálaalẹ́ lẹ́yìn ìṣáì.

Mene, ọmọ Dukana, ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ ni nígbà tí ogun dé. Kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Aṣọ ṣọ́jà ló wù ú. Agnes tó fẹ́ fi ṣaya sì ní ọkùnrin tó lè gba òun sílẹ̀ nígbà wàhálà ni òun fẹ́. Zaza náà tún wà níbẹ̀, àgbà ṣọ́jà tó ti lọ sí ogun Burma, tó máa ń fọ́nnu nílé ọtí. Mene gbaṣọ, ó gbàbọn, kò sì mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń jà.

Nínú kòtò ogun ni ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ là. Bàálù ju bọ́ǹbù, Bullet ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, òun sá wọgbó. Ìgbà tó máa lajú, ilé ìwòsàn àwọn ọ̀tá ló bá ara rẹ̀, ẹni tó sì ń tọ́jú rẹ̀ ni Manmuswak, ọkùnrin tó ti wá fún wọn ní sìgá àti ọtí lójú ogun rí! Mene wọ aṣọ ọ̀tá, ó ń wa ọkọ̀ fún wọn. Nígbà tó fi máa padà délé, bọ́ǹbù ti pa ìyá rẹ̀ àti Agnes tó tìtorí rẹ̀ di ṣọ́jà.

Ọmọ mi ní bàálù ló yí Mene lọ́kàn padà. Mo ní Manmuswak ni. Ẹni tí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mọ́, kí ló fẹ́ máa yìnbọn lé lórí? Ṣùgbọ́n Zaza ni inú mi kò dùn sí jù. Ó rógun, adùn rẹ̀ nìkan ló wá sọ fún ọmọdé. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà lọ sógun, síbẹ̀ ó kọ̀ fún wa láti máa wù ú pé kí a pàdé ọ̀tá, àlàáfíà ló ní kí a tọrọ.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́dọ̀ọ́ ní 1967, ní ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ títí wọ́n fi lé ní 200,000 kí ogun tó parí ní 1970. Bí àwọn ọmọ bá ń yin bángà nígbà Iléyá, wọn a wọlé, wọn a tilẹ̀kùn. Àwa a sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín rí.

Àwọn òbí kan ní kí n má hú ọ̀rọ̀ àtijọ́, nítorí àwọn Ìbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí mọ́sáláṣí. Ṣé àwọn yẹn kò ní bàbá tó lọ sógun ni? Lórí fóònù, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbóhùn ìbọn rí ń pè fún ogun mìíràn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní 1967 ti kọjá 70 báyìí.

Mo ti lọ bá bàbá náà pé kí wọ́n wá bá kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn. Wọ́n wá ní, "Áfáà, ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá ná."