Ẹṣin Kì í Ṣe Ọ̀kadà

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí ìdílé àwọn Balógun ń gẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀. Bó bá ti parí báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á ní òun fẹ́ ra ẹṣin tòun, kóun máa sìn ín nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Tèmi ni pé kó ṣe sùúrù ná.

Ríra kọ́ ni iṣẹ́, bíbọ́ ni. Ẹṣin tó wọn 400 kílò á jẹ bíi kílò 8 koríko gbígbẹ lóòjọ́, á mu omi tó lé ní lítà 20. Ní bíi ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a óò rẹ́ pátákò rẹ̀. Kò mọ̀gbà ìdánwò. Ó sì lè lo ọdún 25 láyé, nígbà tí dìgírì wa jẹ́ ọdún 4 péré.

Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹlẹ́ṣin jagun, síbẹ̀ òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé níhà gúúsù, pàápàá nínú igbó. Igbó sì ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ẹ ó ní iyì ìdílé ni. Òótọ́ ni, àmọ́ iyì wo ló wà lára ẹṣin tó rù kan egungun? Ẹni tó ní olùtọ́jú nílé, kó fi ẹṣin sílé, kó máa lọ gùn ún lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó háyà tọjọ́ ọdún. Ọ̀kadà là ń gbé kalẹ̀ títí sẹ́mísítà á fi parí.