Ẹ yéé purọ́ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa" nígbàkúùgbà tí àwọn ìyá àgbà bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá ká sọ ọ́ lónìí. Tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn díẹ̀ o.

Nígbà tí nǹkan bá le, àwọn tó nílò ìrànwọ́ á pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn gan-an nìjọba máa ń sọ pé àwọn ò gba òṣìṣẹ́. Ẹni tó fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó jápa, àga ẹ̀ ṣófo. Tí èrò bá wá kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní àwa la ò ní sùúrù.

29 May 2023, Tinubu ní kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Ìyẹn ò pẹ́ rárá kó tó dé Ìdànrè. Kò sẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù kí epo tó wọ́n, kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó lọ mú NIN wá.

October ọdún yẹn ni wọ́n wá ní àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní ₦25,000 lóṣù, fún oṣù 3. Báńkì Àgbáyé ló yá wa lówó ẹ̀, mílíọ̀nù 800 dọ́là. Ó ti di gbèsè sí wa lọ́rùn ná, bóyá ó dé ọwọ́ màmá yín o, bóyá kò dé.

January 2024, wọ́n ní kí mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, Betta Edu, lọ rọ́kún nílé lórí ẹ̀sùn ₦585 mílíọ̀nù tí wọ́n ní ó fẹ́ kí wọ́n san sínú àkáǹtì ẹnì kan. Òun ní òun ò ṣe ohun tó lòdì sófin. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo ètò náà ni wọ́n tì pa fún ọ̀sẹ̀ 6. Ta ni ìyà ẹ̀ wá jẹ? Nígbà tí wọ́n máa padà dé, wọ́n ní ẹni tí ò bá ní NIN ò ní gbowó.

Ṣé ẹ mọ bí orúkọ ṣe ń wọnú ìwé àwọn aláìní yẹn? Wọ́n á pe ìpàdé ládùúgbò, àwọn ará àdúgbò á tọ́ka sí ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún jù, òṣìṣẹ́ á wá máa lọ láti ilé dé ilé. Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Ọ̀kadà ló ń gbé e dé abúlé oko kòkó tí mọ́tò ò lè wọ̀. Ti NIN tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka tó ti di àdá mú fún 40 ọdún, ẹ̀rọ kì í tètè rí i kà. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa nu ìka yẹn, tó máa gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni yẹn gan-an ni kò sí.

Mo bá ìyá àgbà kan lọ sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Òun nìkan ṣoṣo, láptọ́ọ̀pù kan, owó àpò ara ẹ̀ ló fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ó pe orúkọ dé ogún, ó ní kí àwọn tó kù máa lọ. Màmá bi í pé, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo la máa padà wá?" Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa yà wò mí."

Ẹ ṣáà máa yà wò mí! Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sáré wá sí kọ́mẹ́ǹtì pé "Ìdànrè kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni kòkó." Lóòótọ́, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní December 2024. Olóko ló jẹ ẹ́. Opó tó ń bá wọn fọ́ kòkó gba owó iṣẹ́ òòjọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń retí gratuity, igi kòkó mélòó ló ní?

Ẹ gbọ́ ìṣirò kan. December 2024 yẹn kan náà, NBS ní oúnjẹ fi ìdá 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oúnjẹ tẹ́ ẹ fi ₦25,000 rà ní December 2023 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦35,000. Ẹni tí wọ́n dá owó ẹ̀ dúró fún ọdún kan, wọ́n ti gé e kù. Wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n á ní kò sówó láti gba òṣìṣẹ́. Irọ́! N-Power ti wà láti 2016, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ìwé ni, wọ́n wà ní ilé ìwé, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn. October 2023 ni wọ́n dá a dúró. Oṣù kan náà tí wọ́n ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ owó ìdílé mílíọ̀nù 15! Àwọn tó lè bá wọn kọ orúkọ, tó lè bá wọn gun ọ̀kadà lọ sóko, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, tí wọ́n ṣì jẹ àwọn kan nínú wọn lówó oṣù.

Nílùú Ọba, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè Universal Credit á dúró fún ọ̀sẹ̀ 5 kó tó rí owó àkọ́kọ́, àwọn èèyàn sì ń bínú sí i dáadáa. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 5 ni. Àwa ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà tá a máa bínú sí.

Torí náà, èyí tá a fẹ́ ò le. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan: òṣìṣẹ́ mélòó ló wà níbí, mélòó ló yẹ kó wà, èèyàn mélòó ló ń dúró, ọjọ́ mélòó ló máa gbà. 2027 ń bọ̀, wọ́n á gbé ìrẹsì wá sí Òde-Ìdànrè àti Àlàdé. Ẹ gba ìrẹsì yín o, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Kí ẹni tó gbé e wá tó kúrò níwájú yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kẹ́ ẹ sì fi fóònù gba ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀.