Ẹ má ju kọ̀ǹpútà yín nù, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ láìní olùṣọ́

Ẹni tó bá gba títì Kútọnu sí Parakou kọjá ní Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáàṣà, yóò rí àwọn òkè tó yí ìlú náà ká. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ń kó èèyàn lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí làwọn baba ńlá wa sá sí. Àmọ́ òkè nìkan kò lè gba èèyàn là. Ó gba kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ olùṣọ́ yìí ló mú wa kọ̀wé lónìí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹyìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà kú o. Yóò tàn, yóò tẹ̀wé, yóò sì wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó dópin ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Windows 10 yóò máa lanu, kò sì sí ẹni tí yóò máa rẹ́ ẹ.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni Windows 11 kò gbà. Irú wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì, níbi tí a ń mú ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa lọ. Bí ọ̀daràn bá wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló máa jìyà.

Àwọn kan ń sọ pé, “Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kẹ̀.” Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní WannaCry ti fáìlì pa lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba dá aláìsàn padà sílé. Oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Àwọn tí kò gbà á sórí ẹ̀rọ wọn, àti àwọn tí àtìlẹyìn Windows wọn ti parí, ni ọwọ́ bà.

Kí wá ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ da gbogbo ìwé yín kọ sórí fláàṣì tàbí dísíìkì mìíràn. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ fún ara rẹ̀ nílé lè forúkọ sílẹ̀ nínú Windows Update fún àfikún àtúnṣe títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. 30 dọ́là ni, tàbí ọ̀fẹ́ bí èèyàn bá gbà kí ètò ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ Microsoft. Fún ilé-iṣẹ́, 61 dọ́là ni lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, yóò sì di ìlọ́po méjì lọ́dún kejì.

Lójú tiwa, Linux ló yẹ oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu àti Linux Mint, wọ́n ṣì ń rí àtúnṣe gbà, wọn kò sì nílò ẹ̀rọ tuntun. LibreOffice tó bá wọn wá lè ṣí ìwé Word. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láti orí fláàṣì, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín bá a ṣiṣẹ́, kí ẹ tó pa Windows rẹ́. Ẹ̀yin tó sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ bèèrè bóyá ó gba Windows 11 kí ẹ tó sanwó.

A ń rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ka ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n sì ké sí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí láti kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn baba wa kò dúró kí ogun dé ẹsẹ̀ òkè kí wọ́n tó gòkè. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ dúró.