Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Tuntun ti Bàbá Ìbejì

Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, bí mo ti ń to ìwé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi jọ, ni Bàbá Ìbejì wọlé tọ̀ mí wá ní ilé mi ní Èjìgbò, Ìyá Ìbejì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà, oko rẹ̀ sì wà ní apá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Gàrí ni ìyàwó rẹ̀ ń yan tà. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀wò lásán ni wọ́n bá wá.

"Akọ̀wé," ni Bàbá Ìbejì wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ìyá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tuntun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà rí. Ó ní òun kò fọwọ́ sí i, nítorí tí àwọn ènìyàn wí fún un pé irú ọkọ̀ náà kì í pẹ́ kí ó tó dá ẹni dúró sí ojú ọ̀nà."

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ kí mi, ó sì padà jókòó. "Ẹ kú alẹ́, sà. Kí ẹ tó dá bàbá wọn lóhùn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé owó ta ni wọ́n fẹ́ fi rà á."

Ìbéèrè náà mú kí ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó náà gbà wá. Apá kan jẹ́ èrè oko. Apá kejì ni ọmọ wọn àgbà fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn, níbi tí ó ti ń ṣòwò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣe láti ìgbà àwọn bàbá wa. Apá kẹta sì ni owó tí Ìyá Ìbejì ti ń dá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún mẹ́fà, tí ó fẹ́ fi kọ́ ìsọ̀, kí ó sì fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdajì owó ọkọ̀ náà ni wọ́n tó. Olùtajà gbà láti máa gba ìdajì kejì ní oṣooṣù fún ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n fún mi láyè láti gbé ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé yìí, bí n kò bá ti dárúkọ wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ni irú ìjà yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà ní ìhà ti Bàbá Ìbejì, nítorí kì í ṣe iyì ni ọkùnrin náà ń wá. Ẹni tí ó bá ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé bí a bá ti hú u tán, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni a ní. Lẹ́yìn èyí inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kì í sì í dára fún gàrí mọ́. Àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ̀ a máa dúró de ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ a ní òun ń bọ̀ ní àárọ̀, a dé ní ọ̀túnla, a sì pe iye tí ó wù ú, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kò lè dúró. Láti ìparí oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó tí à ń san fún ẹrù ti gòkè kọjá ohun tí àgbẹ̀ lè fi ọkàn rò. Ọkùnrin yìí ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Mo gbà á, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ti mọ́ mi lára, mo sì rí i pé ohun tí ó ti san fún ọlọ́kọ̀ láàárín ọdún méjì tó ìdá kan nínú mẹ́fà owó ọkọ̀ tuntun náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kan náà ni ó jẹ́ kí ẹ̀rù Ìyá Ìbejì ní ìdí. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá bàjẹ́, a lè pe ọkọ̀ mìíràn. Bí tiwa bá dúró pẹ̀lú ẹrù ní ọ̀nà Ìwó, ẹ̀gẹ́ a dúdú, owó oṣù olùtajà kò sì ní dúró dè wá. "Wọ́n lè gba ọkọ̀ náà padà, sà," ni ó wí fún mi, "kí owó mi sì bá a lọ."

Èmi pàápàá ti jẹ nínú irú iyà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti sìn tí kì í ṣe ní agbègbè yìí, a dá owó jọ, a ra ọkọ̀ tuntun kan fún iṣẹ́ ìjọ, ní owó tí ó rọrùn. A gbàdúrà lé e lórí, a sì ya fọ́tò. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ohun kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, fi kú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún wa ní kí a dúró, òun ti kọ̀wé béèrè rẹ̀. Oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò. Adìyẹ ìyàwó alùfáà wa yé ẹyin sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì pa wọ́n. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú. Nígbà tí ohun náà dé, ó tún ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. A kò béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè kí a tó sanwó ni.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọkọ̀ ìgbà àtijọ́ ni ó ní láárí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ rántí Peugeot 504, tí àwọn Faransé gbé jáde ní 1968. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń tò ó ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kún ọ̀nà wa láti Ìwó dé Ẹdẹ: ó ń ru iṣu, ó ń ru ènìyàn, ó ń ru ewúrẹ́, nígbà mìíràn gbogbo wọn pọ̀. Ṣé kì í bàjẹ́ ni? A máa bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan tí a kì í ti í rí ọmọkùnrin tí ó mọ̀ ọ́n tú, tí ó sì mọ̀ ọ́n dè. Kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣeé tú sílẹ̀ lórí àpò lábẹ́ igi, kí a fi epo fọ̀ ọ́, kí a fẹnu fẹ́ ẹ, kí a sì dá a padà, kí ọlọ́kọ̀ tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní agbára ọkọ̀ náà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n àwọn tí ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1906 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ní 1907 rélùwéè dé Òṣogbo, lẹ́yìn náà mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣòwò ní Èkó ni W. A. Dáwódù, ẹni tí kì í ṣe pé ó ń tà á nìkan, ṣùgbọ́n ó ń tún un ṣe pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ìyẹn: ọwọ́ tí ó tà á ni ọwọ́ tí ó ń tún un ṣe.

Ọkọ̀ òde òní ṣòro ju 504 lọ. Èyí tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì nínú wọn ní nọ́sù tí ń fi agbára ńlá tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, ihò rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i dáadáa. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà nínú epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀bá ọ̀nà, nọ́sù a bàjẹ́, a ó sì máa bú ẹni tí ó ṣe ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò kàn máa yọ èyí, yóò máa fi èyí sí, owó wa ni yóò sì fi máa dán an wò. Ti ẹrù ńkọ́? Irú píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, bíi tọ́ọ̀nù kan ni ó lè rù, èyí tí í ṣe ogún àpò sìmẹ́ńtì. Mo bi Bàbá Ìbejì léèrè iye àpò gàrí tí ó fẹ́ máa kó sí i. "Ó lè gba ogójì," ni ó dáhùn, "bí a bá tò ó dáadáa." Ìyá Ìbejì wò mí, èmi náà wò ó.

Ọmọ wọn tí ó wà ní Àbíjàn ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n fi tuntun sílẹ̀, kí òun bá wọn ra Hilux tókunbọ̀ ní Kútọnu, kí a wà á wálé. Mo bọ̀wọ̀ fún Hilux. Láti 1968 ni Toyota ti ń ṣe é, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ mú ọkọ̀ wọlé, àfi ní èbúté. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ìgbẹ́, àwọn aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ rẹ̀ lónìí tàbí ní ọdún mẹ́ta sí i, ní àárín ọjà, lójú gbogbo ayé. Mo sọ fún wọn pé èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni gbàdúrà sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tókunbọ̀ tí ó gba èbúté wá kò ní irú ẹ̀bi yìí, ṣùgbọ́n láti oṣù June 2023 tí a ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, òun náà kò rọrùn mọ́, a kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ó tó wọ ọkọ̀ òkun.

Ó ku tuntun. Tuntun náà sì ti di oríṣiríṣi: Innoson ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Nnewi ní 2010, àwọn ará Ṣáínà sì ń kó tiwọn wá. Èyí tí Bàbá Ìbejì ń wò, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò tíì pẹ́ tó ní agbègbè wa tí a fi lè dá a lẹ́jọ́. Àwọn tí ń bú u pọ̀. Nígbà tí mo wá àwọn tí ó ní in, méjì péré ni mo rí. Ọ̀kan ń yìn ín. Èkejì ti dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí bíréèkì rẹ̀.

Nítorí náà mo ní kí a pe mẹkáníìkì tí ó ń bá wọn tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe, ọmọ Èjìgbò tí kì í purọ́ nítorí owó. Ó kọ orúkọ ohun márùn-ún sílẹ̀: páàdì bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, sẹ́ẹ̀ epo, nọ́sù, àti ohun tí ń fa omi yí ẹ́ńjìnnì ká. A tẹ àwọn oníṣòwò ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó láago níwájú gbogbo wa. Mẹ́ta wà nílẹ̀. Èkẹrin, wọ́n ní kí a padà pè ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nọ́sù kò sí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ta ọkọ̀ náà nìkan ni a ti lè rí i.

Bàbá Ìbejì ní mẹ́ta nínú márùn-ún kò burú. Ìyá Ìbejì ní ìkarùn-ún ni yóò gba ìsọ̀ òun. Mo rí i pé àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ tí kò lè parí rẹ̀. Mo sì rò ó pé, bí ilé ìṣọ́ náà bá ní táyà, ìtìjú rẹ̀ yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ìlú ni yóò máa bá a tì í.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Olùtajà yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò sì fọwọ́ sí i, pé nọ́sù àti ohun kẹrin náà yóò wà nílẹ̀ ní Òṣogbo. Àti pé bí ọkọ̀ bá dúró ju ọjọ́ méje lọ nítorí ohun tí kò ní, owó oṣù náà yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Ìbejì kò ní kó ju ogún àpò lọ. Nínú owó tí ó wà nílẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún yóò wà ní ìpamọ́ fún àtúnṣe, nítorí náà owó tí wọn yóò kọ́kọ́ san yóò dín. Bí olùtajà kò bá gbà, kí wọ́n dúró di ìgbà ìkórè. Èyí ni ó dun ọkùnrin náà jù. Ó dákẹ́ pẹ́ kí ó tó wí pé, "Ó dára, Akọ̀wé."

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni wọn yóò lọ sí Òṣogbo, àwọn méjèèjì àti mẹkáníìkì náà. Mo ti bá wọn tẹ ìwé náà, ẹ̀dà méjì. Ìwé owó alájẹṣẹ́kù ṣì wà nínú àpótí Ìyá Ìbejì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ìdí aṣọ rẹ̀. Ó ní òun kò ní mú un jáde títí òun yóò fi rí i tí olùtajà fọwọ́ sí ìwé.